Ọkọ̀ Ojoojúmọ́ Nínú Ẹ̀wù Asáré

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rí. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná. Ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ èrò ni. Kò fi ara ṣe fújà. Síbẹ̀, ní ọdún yẹn kan náà, 504 ló gba ipò kìíní nínú eré-ìje Safari ní Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà eruku àti ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n tún un ṣe fún eré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ojoojúmọ́.

Lóde òní, ọkọ̀ tí a fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ni a ń wọ ẹ̀wù asáré fún. Àwọn ènìyàn wa tilẹ̀ sọ Camry kan ní Muscle, wọ́n sọ Accord kan ní Evil Spirit. Ìyẹ́-apá tí a ń kàn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wúlò fún ẹni tó ń sáré àsápajúdé, kí afẹ́fẹ́ lè tẹ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ni ará Ìsinbọ̀dé-Èkìtì yóò fi í ṣe lójú ọ̀nà olókè àti oníkòtò? Bọ́ńpà tó wálẹ̀ jù ni kòtò kọ́kọ́ ń fọ́.

A kò ní kí ọkọ̀ má dára lójú. Ṣùgbọ́n ìwà lẹwà: bí bíréèkì ṣe ń mú ni kí á kọ́kọ́ bèèrè, kí á tó bèèrè bí ara ọkọ̀ ṣe ń dán.