Ojú Bíbò Nínú Eré: Ohun Tí Ọ̀sá Méjì àti Àwọn Apidán Fi Kọ́ Wa

Ohun tó bá tọ́ sí igbó, a ò ní gbé e wá síta nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí. Èyí tí gbogbo ayé ti gbọ́ nìkan ni a ó sọ.

Ìbéèrè kan ló fa àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn ilé ìwé aládàáni ti pọ̀ lọ súà ní Mowe àti Ibafo lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ní Ifo lọ́nà Abẹ́òkúta. Nínú ọ̀kan lára wọn, tí a kò ní dárúkọ, olùkọ́ eré oníṣe ní kí àwọn ọmọ fi páálí gé ìbòjú, kí wọ́n sì fi ṣeré. Ìyá ọmọ kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ wá fi ìbínú fa ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní òun ò bímọ fún eégún. Kò pẹ́ tí bàbá ọmọ mìíràn, ọmọ agbo ilé ọ̀jẹ̀, náà fi dé. Òun ní wọ́n ń fi ará ọ̀run ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀sìn àwọn méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ló wà lọ́kàn wọn: pé ẹnikẹ́ni tó bá ti bojú, eégún ni. Olùkọ́ náà wá bá wa, ó ní, "Baba, ṣé mo jẹ̀bi ni?"

A kò fẹ́ fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ á bi Ifá, kí á sì bi ìtàn.

Ohun tí Ọ̀sá Méjì wí

Ìtàn méjì wà nínú Ọ̀sá Méjì tí gbogbo babaláwo mọ̀, tí àwọn oníwèé náà sì ti tẹ̀ jáde. Ti àkọ́kọ́ ni ìrìn àjò Ọ̀rúnmìlà sí igbó àwọn ẹlẹ́yẹ. Wọ́n ní kí ó wá ìbòjú, kí ó wá gèlè, kí ó sì wá ìkù tí yóò so mọ́ ẹsẹ̀. Ó rú ẹbọ, ó wọ̀ wọ́n, ó jó, ó lọ, ó sì bọ̀ ní àlàáfíà. Inú ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà ti fa ìpìlẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yọ.

Ìtàn kejì ni ti Odù àti Ọbàrìṣà, tí Pierre Fátúmbí Verger tẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Odù ló kọ́kọ́ ni aṣọ eégún. Nígbà tí aṣọ náà dé ọwọ́ Ọbàrìṣà, kò kàn gbé e wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún un ṣe: ó fi àwọ̀n sí ojú rẹ̀, ó mú pàṣán lọ́wọ́, ó yí ohùn padà, ó sì jáde sí ìgboro. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Odù alára rí i, ó sì gbà pé aṣọ náà yẹ Ọbàrìṣà ju òun lọ.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọ̀n, pàṣán, ohùn, ìrìn. Aṣọ kan náà ni Odù àti Ọbàrìṣà wọ̀. Ohun tí Ọbàrìṣà fi kún un ló sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn ń wárí fún. Ifá kò sọ pé aṣọ nìkan tó. Ojú bíbò, ẹ̀kọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Ìgbòho àti ilé Ológbojò

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a kà nípa Aláàfin Abípa, tí ó fẹ́ kó ìjọba kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Wọ́n rán abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti àwọn mìíràn tí ara wọn yàtọ̀ ṣíwájú, kí wọ́n lọ fara pamọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì máa kígbe lóru bí ọ̀rọ̀ láti lé àwọn ìránṣẹ́ ọba. Àṣírí tú. Ọba rán ọdẹ lọ, wọ́n sì mú gbogbo wọn láàyè. Nígbà tí àwọn ìjòyè péjọ, ọba ní kí ìwọ̀nyí máa gbé ọtí fún ọ̀gá tó rán kálukú wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tí ó kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, so ìtàn yìí mọ́ ìpìlẹ̀ eré àwọn apidán. Ó fi hàn pé láti ìdílé Ológbojò ni iṣẹ́ náà ti jáde ní ààfin Ọ̀yọ́, kí ó tó di ohun tí wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Eégún ilé dúró gẹ́gẹ́ bí ará ọ̀run, tí a ń bọ, tí a ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Apidán ní tirẹ̀ ń ṣe eré. Ọmọ ọ̀jẹ̀ ni òun náà, ó sì ń júbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mọ̀ pé eré ni àwọn wá wò, wọ́n sì ń náwó fún un.

Ìdílé ni ilé ìwé wọn. Ọmọ yóò máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ káàkiri, yóò kọ́ òkìtì títa, yóò kọ́ ijó bàtá, yóò máa gbe iwì lẹ́nu títí yóò fi mọ́ ọn lára. Àwọn obìnrin ilé ló ń gbe orin. Kò sẹ́ni tó ń sáré gbé idán lé ọmọ tí kò tíì mọ ijó lórí.

Òyìnbó tó rí ara rẹ̀

Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì wo eré. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀; wọ́n tẹ ìwé náà ní 1829, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni eré ọ̀hún. Àkọ́kọ́, àwọn tó wọ inú àpò ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Èkejì, erè ńlá kan jáde láti inú àpò, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń lanu. Ẹ̀kẹta, wọ́n ṣí àpò kan wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òyìnbó kan sì yọ, funfun báláú, ó gbẹ, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí. Clapperton alára gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Ta ló kọ́ òṣèré yẹn? Ojú rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ti wo òyìnbó nílẹ̀ dáadáa: bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bó ṣe ń lo ọwọ́. Ojú ẹni tó bojú kò lè sọ ohunkóhun mọ́, nítorí náà èjìká, ọrùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́. Báyìí ni àwọn apidán ṣe ń ṣe Tápà, Gàm̀bàrí, ará Dàhòmì, ìyàwó àti ọ̀bọ. Kò sẹ́ni tó pe òyìnbó inú àpò yẹn ní ará ọ̀run.

Àtẹ̀gùn Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Bí ẹnìkan bá sọ pé Ọ̀yọ́ jìnnà sí wa, Ọ̀tà kò jìnnà sí Ifo. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀, ó wà ní ilẹ̀ Yewa, ó sì wà ní Kétu tó bọ́ sí Benin. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, kí wọ́n tó kéde Ifá ní 2005.

Henry àti Margaret Drewal kọ̀wé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983, Babatunde Lawal kọ tirẹ̀ ní 1996. Nínú ijó ọ̀sán, àwọn ọmọ kékeré ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Bí wọ́n bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹnìkan kì í bá wọn jà. Àwọn ọ̀dọ́ a tẹ̀ lé wọn, àwọn ọ̀gá a wá jáde kẹ́yìn. Ìlù á sọ̀rọ̀, ìkù ẹsẹ̀ oníjó á sì dá a lóhùn gẹ́lẹ́; bí wọn kò bá jọ parí, gbogbo agbo ló máa mọ̀. Àwọn ènìyàn mọ ẹni tó wà lábẹ́ ère. Kíláàsì wo ló tún ju èyí lọ?

Láti agbo dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n bí ní 1916, ọmọ pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ni. Babaláwo ni bàbá ìyá rẹ̀, ó sì gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń bá ẹgbẹ́ eégún alárìnjó ṣeré. Ní 1944, ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ ní Èkó, ó sì di bàbá àwọn òṣèré. Ojú bíbò kò ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́. Ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá ọlọ́jẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nínú eré Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti ìyàwó rẹ̀ wọ ẹ̀kú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn eléégún láti fi lọ jó níbi àríyá. Ọlọ́pàá tó wá jíṣẹ́ fún wọn, Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ nínú aṣọ ikú yẹn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n gba ẹ̀kú oní-ẹ̀kú, wọn kò júbà, wọn kò sì kọ́ nǹkan kan.

Èsì wa

Nítorí náà, èsì tí a fún olùkọ́ náà nìyí. O kò jẹ̀bi pé o fi ìbòjú kọ́ ọmọ. Iṣẹ́ baba wa ni. Ṣùgbọ́n o bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Kọ́ wọn ní ìrìn ná, kọ́ wọn ní ijó, jẹ́ kí wọ́n lọ wo bí ìyá oníṣòwò tàbí awakọ̀ ṣe ń ṣe ní ibùdókọ̀, lẹ́yìn náà ni kí o tó gbé páálí lé wọn lójú. Jẹ́ kí wọ́n júbà. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fara wé eégún ilé kankan, bẹ́ẹ̀ ni kí o má ṣe yá ẹ̀kú ẹnikẹ́ni. Kí o sì máa tẹ̀ lé wọn bí atọ́kùn, nítorí ẹni tó bojú kò rí ọ̀nà tán.

A jẹ́ iṣẹ́ náà fún àwọn òbí méjèèjì pẹ̀lú. Ìyá náà kò dá ọmọ rẹ̀ padà sí kíláàsì ọ̀hún, a kò sì bá a jà. Bàbá ọlọ́jẹ̀ ní òun yóò wá wò ó fúnra òun kí òun tó sọ̀rọ̀ mọ́. Èyí tó fún wa. Bí eégún ẹni bá jóòre, orí a máa yá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kọ́ ní ijó, báwo ni yóò ṣe jóòre?