Ìgbòho, Ibi Tí Ẹṣin Ọ̀yọ́ Ti Gbéra

Ẹni tó bá gba Ìgbẹ̀tì já sí Kìṣí, tó sì dorí kọ Ṣakí, yóò kan Ìgbòho lọ́nà. Ìlú àgbẹ̀ ni, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oòrẹ́lọ́pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló kún oko wọn, igi ẹmì tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí sì wà káàkiri inú ọ̀dàn. Alépàtà ni wọ́n ń pe ọba wọn. Àlejò tí kò gbọ́ ìtàn lè kọjá lọ láìwo ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ìlú yìí ni Aláàfin Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí.

Ogun ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà ayé Aláàfin Onígbogí ni àwọn Tápà kọlu Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú wọn, tí ìlú sì tú. Ọba àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ sí Gbèré ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ibẹ̀ ni Onígbogí sì wàjà sí. Òfinràn ọmọ rẹ̀ gorí oyè. Nígbà tí ara kò rọ̀ wọ́n mọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó gbà wọ́n sílé, ó kó wọn padà sọ́nà ilé, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kó débẹ̀. Wọ́n fi awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di òkú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e kiri lọ́nà ìrìn-àjò. Egúnojú tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ló tẹ Ìgbòho dó, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin Òfinràn sí níkẹyìn.

Bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Ohun tí Ọ̀yọ́ ṣe ní Ìgbòho gan-an nìyẹn. Àwọn Tápà àti Ìbàrìbá tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti mọ ogun orí ẹṣin tipẹ́, ilẹ̀ ọ̀dàn tí Ìgbòho wà sì gba ẹṣin. Inú igbó kìjikìji nísàlẹ̀ kò gbà á, nítorí kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran a máa fi àìsàn pa á. Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, tó jọba lẹ́yìn Egúnojú, ni ìtàn fi ọ̀rọ̀ ẹṣin sí lórí. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, kọ ọ́ pé 1,000 ẹlẹ́ṣin àti 1,000 ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ló máa ń wà lẹ́yìn ọba yìí tí wọ́n bá ń lọ sójú ogun. Wọ́n a so ewé fẹ̀ǹfẹ̀ mọ́ ìrù àwọn ẹṣin náà, kí ó máa gbá ilẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ, kí ọ̀tá má baà rí ojú ẹsẹ̀ tọ̀. Johnson ka Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ sí ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ìgbòho ní obìnrin ni.

Nígbà Aláàfin Ajíbóyèdé, tó jọba lẹ́yìn Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, àwọn Tápà tún dé. Ogun fẹ́ borí Ọ̀yọ́ títí ìjòyè kan tó ń jẹ́ Ajánlápá fi bọ́ aṣọ ọba wọ̀, tó sì kọjú sí ọ̀tá. Ọfà bò ó lára débi pé òkú rẹ̀ kò lè ṣubú, eyín rẹ̀ sì yọ síta. Àwọn Tápà rò pé ọba Ọ̀yọ́ ló ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo ọfà yẹn. Jìnnìjìnnì mú wọn, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Aláàfin Abípa, tó jọba lẹ́yìn Ajíbóyèdé, ló sọ pé ó tó kí wọ́n padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Wọ́n ti nílé, wọ́n ti lóko, ara ti bá Ìgbòho mu. Nígbà tí ọba rán èèyàn lọ wo ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè yára kó abuké, arọ, àfín àti aràrá lọ sórí òkè tó wà níbẹ̀, kí wọ́n máa tan iná lóru, kí wọ́n máa ké pé kò sí àyè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin, ló gba ìlú. Àṣírí tú sí ọba lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní kí àwọn ọdẹ lọ mú wọn wá, ó pe àwọn ìjòyè jọ síbi ọtí, ó sì jẹ́ kí oníkálukú gba igbá ọtí tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rán níṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀.

Ọ̀yọ́ padà sílé, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jagun ti yàtọ̀. Ní 1698, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti dé Àláádà nítòsí òkun; ní 1726, wọ́n kọlu Dahomey. Agbára tí wọ́n kó jọ ní ìlú ìsádi ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro láti bí 1835, inú ọgbà ẹranko ìjọba ló sì wà báyìí. Ìgbòho kò di ahoro ní tirẹ̀. Igbó Ọba wà níbẹ̀, níbi tí Òfinràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé sùn sí. Àlejò tó bá fẹ́ débẹ̀, ààfin ni kó kọ́kọ́ yà, kó kí ọba àti àwọn àgbà, kí wọ́n fún un lẹ́ni tí yóò mú un lọ.

Àwọn Ìjẹ̀bú ti fi ẹṣin àwọn ìdílé Balógun sọ ọdún Ojúde Ọba di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò lẹ́yìn Iléyá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ igbó ni tiwọn. Ìgbòho ló ni ọ̀dàn, ló ni ìtàn, ló sì ni ibojì ọba tó kó ẹṣin jọ. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ọmọ ìlú bá fẹ́ kí àlejò máa yà, ọjọ́ kan lọ́dún tí ẹlẹ́ṣin yóò ti ojúde Alépàtà rìn lọ sí ẹnu Igbó Ọba ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí ewé sì wà nídìí ìrù ẹṣin tó bá kẹ́yìn.