Ìwúkàrà Kì í Kánjú

Nínú yàrá tí a gbà sí ní Agbowó, ìkòkò irin kan ni ààrò wa. A máa ń da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó gbé e ka orí gáàsì, a ó gbé agolo tí ìyẹ̀fun pípò wà nínú rẹ̀ lé orí yanrìn náà, a ó wá dé e pa. Búrẹ́dì wẹ́wẹ́ là ń wá, èyí tó rọ̀ bí òwú, tí èèyàn á fọwọ́ ya tí ooru á yọ nínú ẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe le bí òkúta. Ọ̀kan nínú wa ní ká kúkú máa fi dí ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì mọ̀ pé owó ìyẹ̀fun, bọ́tà àti mílíìkì kì í ṣe kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́, torí náà ẹ̀rín yẹn ò dénú.

A ti fẹ́ pa á tì. Kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, a bi ara wa pé: ta ló tiẹ̀ mú búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ wa, báwo sì ni tiwọn ṣe ń rọ̀? Ohun tí a rí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí ọ̀rọ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àkàrà tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n fi pe búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ka àkàrà aláìwú nínú ìwé Ẹ́kísódù. Ohun tó ń mú un wú wá di ìwúkàrà: ohun tó ń wú àkàrà. Yíìsì là ń pè é lọ́jà Bódìjà lónìí.

Orúkọ nìkan ló jẹ́ tuntun o. Ẹ̀dá abẹ̀mí kékeré ni ìwúkàrà, ojú lásán ò lè rí i. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú afẹ́fẹ́ àti ọtí jáde. Irú rẹ̀ gan-an ló ń mú ẹmu hó. Adẹ́mu á gbé ẹmu dídùn sọ̀ láàárọ̀, kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn kan ti fi ẹmu po ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì wọn lè wú. Ìwúkàrà ti wà nílé tipẹ́. Àlìkámà la ò ní.

Inú àlìkámà ni gluten wà, ohun tó ń fà bí rọ́bà tí omi bá kàn án. Bí ìwúkàrà ṣe ń tú afẹ́fẹ́ jáde, gluten ló ń há a mọ́, bí ìgbà téèyàn ń fọn bàlúùnù. Àgbàdo ò ní in. Ẹ̀gẹ́ ò ní in.

Ẹni tí wọ́n pè ní Ọba Búrẹ́dì Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà rárá. Ọmọ Jàmáíkà ni, Amos Shackleford lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ló gbé e wá ní 1913. Ní 1921, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó. Òun ni wọ́n ní ó mú ẹ̀rọ kan wọlé tí iṣẹ́ búrẹ́dì wa ò fi rí bákan náà mọ́: irin róbótó méjì tó ń yí. Wọ́n á ki ìyẹ̀fun pípò sáàárín wọn, á jáde ní pẹlẹbẹ, wọ́n á ká a, wọ́n á tún ki í bọ̀ ọ́, léraléra, títí á fi funfun tí á sì máa fà. Ibẹ̀ ni búrẹ́dì Agége ti rí fífà tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ̀.

Rélùwéè kan náà ti dé Ìbàdàn láti 1901. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ní Dùgbẹ̀, tí akọ̀wé, awakọ̀ àti alágbàṣe ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n nílò oúnjẹ tí ò fẹ́ iná, tí ò fẹ́ ọbẹ̀. Búrẹ́dì bá wọn lára mu.

Gbèsè ibẹ̀ ni àlìkámà. Ní 1962, Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìyẹ̀fun ní Àpápá, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ti ń wá. Ní 1985, Gunilla Andræ àti Björn Beckman kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n pè é ní The Wheat Trap. Páńpẹ́ lóòótọ́! Ní 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Búrẹ́dì gbówó lórí, àwọn onífàyàwọ́ rí ṣe. Níbí ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ IITA gbìyànjú láti fi ẹ̀gẹ́ ṣe búrẹ́dì láìsí àlìkámà, ṣùgbọ́n ohun tí yóò há afẹ́fẹ́ mọ́ ni ìṣòro. Ní 1992, ìjọba ká òfin náà kúrò.

Bí ìyẹ̀fun ṣe wọ́n, oníbàárà ṣì fẹ́ búrẹ́dì ńlá tó rọ̀. Àwọn kan wá ń fi potassium bromate sí i, torí ó ń mú búrẹ́dì wú kíákíá, á sì tóbi lójú. Ó ṣeé ṣe kó fa àrùn jẹjẹrẹ. Bìrìtìkó ti lé e kúrò nínú ìyẹ̀fun láti 1990. Nígbà tí Dora Akunyili ń darí NAFDAC, wọ́n gbógun tì í níbí náà.

Ibi tí a kàwé dé nìyẹn tí a fi rí àṣìṣe wa. Ẹ̀rọ tó ń yí àti bromate, àkókò ni wọ́n ń bá èèyàn dín kù. Ẹni tó fẹ́ gbé búrẹ́dì dé Challenge kílẹ̀ tó mọ́ ò lè dúró pẹ́. Àwa ò ní ẹ̀rọ, a ò fẹ́ bromate, síbẹ̀ à ń kánjú. Kódà omi gbígbóná la fi ń po yíìsì kó lè tètè wú. A ti pa á kó tó ṣiṣẹ́!

Bí a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Kọ́ọ̀bù ìyẹ̀fun mẹ́rin, ìyẹn bíi gíráàmù 500. Yíìsì gíráàmù 7. Ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Bọ́tà gíráàmù 50. Mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi mílílítà 280. Bí ìka yín ò bá lè gba ooru mílíìkì náà, yíìsì ò ní gbà á. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 15 títí á fi máa fà. Ẹ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ kó di ìlọ́po méjì. Ooru Ìbàdàn á ràn yín lọ́wọ́, wákàtí kan sábà máa ń tó. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ ká a róbótó, ẹ tún fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 40. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé e sínú ìkòkò tó ti gbóná. Iná mànàmáná ì báà má sí, yíìsì ò bá ti ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dáa, ọ̀kan nínú wa sáré lọ ra àkàrà ní títì. A ya búrẹ́dì wẹ́wẹ́ náà, ooru yọ, a ki àkàrà sí i nínú. Àkàrà nínú àkàrà! Ká ní Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wà níbẹ̀ ni, à bá fún un ní méjì.