Ọ̀rọ̀ Láàrin Onílé àti Ayálégbé

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ilé àyágbé ní Tanke, ní ìlú Ìlọrin, kí n tó fi ojú kan onílé mi. Ajẹ́ńtì ni ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún. Òun náà ni a ń sọ fún pé òrùlé ń jò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a bá kúìtì-nótíìsì lára ilẹ̀kùn: kí gbogbo wa kó jáde láàrin oṣù kan. Ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí a ṣe.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa ẹni tí ó máa ń dúró láàrin onílé àti ayálégbé. Ìtàn Ìlọrin mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Núpé àti Kànúrí ni wọ́n jọ tẹ ìlú náà dó di ńlá. Àwọn ìletò abẹ́ rẹ̀ kì í bá Ẹ́míà sọ̀rọ̀ tààrà. Olúkúlùkù ní bàbá kékeré tirẹ̀ nínú ìlú, ẹni tí ń gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ sí ààfin, tí ó sì ń gbé àṣẹ ààfin padà wá. Ipò náà wúlò, nítorí àjèjì nílò ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀nà ọ̀rọ̀ bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lè jẹ níhìn-ín, kí ó sì jẹ lọ́hùn-ún. Ìráhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nípa wọn nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n gba àkóso, títí wọ́n fi pa ètò náà rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin ní 1908. Ìlú náà di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1967. A dá Yunifásítì sílẹ̀ ní 1975. Òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ̀lú, ilé àyágbé sì pọ̀ sí i. Ajẹ́ńtì wá rí iṣẹ́. Lójú tèmi, bàbá kékeré ni ó padà dé, aṣọ ni ó pààrọ̀.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú onílé nìkan. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tí ń san owó lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tí ń san án lọ́dọọdún sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà (ìwé tiwa kò bá òfin mu rárá). Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ méje yóò tẹ̀lé e kí onílé tó lọ sí kóòtù. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé onílé kò gbọdọ̀ fi ipá lé ayálégbé jáde. Àwọn tí ń yọ páànù òrùlé tàbí ilẹ̀kùn, ẹ gbọ́ o. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, ilé ẹjọ́ kan náà bẹnu àtẹ́ lu ayálégbé tí ń fi àléébù inú ìwé ìkìlọ̀ bojú, kí ó lè máa jókòó sínú ilé onílé.

Ìwé dára, ṣùgbọ́n ìwé kì í gbọ́ èsì. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ó yẹ kí onílé jẹ́ kí ayálégbé mọ ojú òun, kí ó fún un ní rìsíìtì, kí ó sì ránṣẹ́ síwájú kí ó tó wá wo ilé.

Èmi àti àwọn aládùúgbò mi wá onílé wa kàn. Ìtòsí Ọjà Ọba ni ó ń gbé, nínú ìlú kan náà! Àgbàlagbà tí ó ní sùúrù ni. A kí i, ó ní kí a jókòó.

“Wọ́n ní ẹ kò san owó ilé láti ọdún tó kọjá.”

Mo na rìsíìtì sí i. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á tán, ó tún un kà.

“Bàbá,” ni mo wí, “òrùlé tí a ti ń ráńṣẹ́ nípa rẹ̀ ńkọ́?”

Ó gbójú sókè. “Òrùlé wo, ọmọ mi?”