Ọnàbólú, Àìná

(1882–1963). Ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó fi Èkó ṣe ibùjókòó. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló fi kọ́ ara rẹ̀. Ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage lọ́dún 1906, kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọnà St John's Wood, Lọ́ńdọ̀nù (1920–1922). Àwọn kan ní ó ń fara wé òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn òyìnbó kan ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya ojú èèyàn kó jọ ọ́; iṣẹ́ rẹ̀ já wọn nírọ́. Ó tún jẹ́ olùkọ́ àwòrán; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é ní «Mr Perspective», nítorí ó ń kọ́ wọn ní «perspective», ìlànà yíya ohun tó jìnnà kó kéré ju èyí tó wà nítòsí lọ.  Nítorí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n wá olùkọ́ ọnà mìíràn ni ìjọba amúnisìn fi gba Kenneth Murray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1927. Murray ní tirẹ̀ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣe ọnà ìbílẹ̀.