"Weird Al" Yankovic

Alfred Matthew Yankovic, aláwàdà àti olórin ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí lọ́dún 1959, ni ayé mọ̀ sí "Weird Al". Orin tó gbòde ló máa ń mú, á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rọ́pò tinú rẹ̀, àmọ́ á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ olórin náà. Fídíò "Eat It" (1984), níbi tó ti sín Michael Jackson jẹ, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. "Fat" (1988) ló dùn ún wò jù: wọ́n di nǹkan sí i lára títí ó fi rí rọ̀bọ̀tọ̀ nínú aṣọ awọ dúdú, ó sì ń jó bẹ́ẹ̀ láìsinmi. Fídíò náà gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Yankovic tún ṣe ètò "Al TV" fún ìkànnì tẹlifíṣọ̀n MTV. Ìkànnì CBS náà gbé ètò rẹ̀, "The Weird Al Show", sáfẹ́fẹ́ lọ́dún 1997. Lọ́dún 2014, "Mandatory Fun" di àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní lórí àtẹ àwo orin Billboard 200.