Ohun Èlò Ìwọ́ra ní Ilé Ìwẹ̀ Róòmù

Bí a bá ní kí ẹnì kan ka ohun èlò tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń wọ́ ara ní ilé ìwẹ̀ wọn, mẹ́ta ni yóò tètè dárúkọ: òróró ólífì, ìgò kékeré tí a ń rọ òróró náà sí, àti irin tí a fi ń ha ara, èyí tí wọ́n ń pè ní strigilis. Èmi tí mo ń kọ́ èdè Látìn fẹ́ fi ẹ̀kẹrin kún un, nítorí pé ìwé àwọn ará Róòmù fúnra wọn ni ó fi í hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí irin náà bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ bí dòjé, ṣùgbọ́n kò mú. Inú rẹ̀ jìn díẹ̀ bí ṣíbí, kí ohun tí ó bá ha lè gba ibẹ̀ ṣàn lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti kọ́ ìlò rẹ̀. Àwa tí ọṣẹ àti kànìnkànìn ti mọ́ lára lè máa rò pé irú ìwẹ̀ wo ni a ń fi òróró wẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe eré ìdárayá yóò kọ́kọ́ fi òróró pa ara, a ó sì wọ́ ọ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Nígbà tí eré bá parí, òróró, òógùn àti eruku yóò ti di ọ̀kan, irin yóò sì ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Galen, oníṣègùn ará Pergamon tí a bí ní ọdún 129, fi aṣọ ọ̀gbọ̀ kún un: ó ní kí a fi aṣọ ra ara títí yóò fi pọ́n díẹ̀, kí a tó da òróró sí i, kí a wá fi ọwọ́ lásán wọ́ ọ. Ó wo ìwọ́ra líle, rírọ̀ àti èyí tí ó wà láàárín. Ó wo púpọ̀, díẹ̀ àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ó dà wọ́n pọ̀, ó sì rí oríṣi mẹ́sàn-án.

Ohun tí wọ́n ha kúrò lára kò ṣòfò. Pliny àgbà, tí ó kú ní ọdún 79, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ìjòyè tí ń bójú tó ilé ìdárayá a máa tà á, owó rẹ̀ a sì máa tó 80,000 sesterce. Oògùn ni wọ́n ń fi í ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó kọ́kọ́ rántí ohun tí ń bẹ lórí àtẹ àwọn elégbògi tiwa.

Seneca gbé lókè ilé ìwẹ̀ kan rí, ó sì ráhùn nínú lẹ́tà rẹ̀ pé òun ń gbọ́ ọwọ́ awọ́ra ní èjìká àwọn ènìyàn: bí àtẹ́lẹwọ́ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ó ti ń dún ọ̀tọ̀, bí ó bá ká kòtò, ohùn yí padà. Ọmọ Yorùbá ì bá pe èyí ní ìlù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni?

Ìtàn kan wà nípa Késárì Hadrian, tí ó jọba láti ọdún 117 sí 138. Wọ́n ní ó rí ológun àgbà kan ní ilé ìwẹ̀ tí ó ń fi ẹ̀yìn ra ògiri òkúta mábù. Ó bi í léèrè ìdí rẹ̀, ọkùnrin náà sì fèsì pé òun kò ní ẹrú. Hadrian fún un ní ẹrú àti owó tí yóò fi bọ́ wọn. Nígbà tí ó tún padà wá, àwọn arúgbó ti to ara wọn síbi ògiri, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rà á kíkankíkan! Késárì ní kí wọ́n máa wọ́ ara wọn lẹ́yìn. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún.

Bí ẹ bá wo ìtàn yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé ipò ohun èlò ni ẹrú wà níbẹ̀: ẹni tí kò ní in ń lo ògiri. Varro sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ oko, ní ọdún 37 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ó ní àwọn kan pín ohun èlò sí mẹ́ta: èyí tí ń sọ̀rọ̀, èyí tí ohùn rẹ̀ kò já gaara, àti èyí tí ó yadi. Ẹrú ni àkọ́kọ́, màlúù ni èkejì, kẹ̀kẹ́ ẹrù ni ẹ̀kẹta. Oko ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n èmi kò rí ohun tí yóò mú ti ilé ìwẹ̀ yàtọ̀.

Nínú àwọn ohun èlò tí ń sọ̀rọ̀ wọ̀nyí, a mọ orúkọ ẹnì kan. Àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Pliny kékeré, ẹni tí ó sì tọ́jú rẹ̀ ni Arpocras, ará Íjíbítì, ẹrú tí obìnrin kan tí í ṣe Thermuthis ti dá sílẹ̀. Iatraliptes ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó so oníṣègùn pọ̀ mọ́ ẹni tí ń fi òróró pa ènìyàn lára. Ara Pliny yá. Ní nǹkan bí ọdún 98, ó kọ̀wé sí Késárì Trajan pé kí ó sọ Arpocras di ọmọ Róòmù, Trajan sì gbà. Àwọn amòfin wá kìlọ̀ fún Pliny pé ará Íjíbítì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọmọ Alẹkisáńdíríà ná. Ó tún kọ̀wé. Trajan fèsì pé òun kì í fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ Alẹkisáńdíríà bẹ́ẹ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí òun ti fún un ní ti Róòmù, òun kò ní kọ̀. Kí Pliny sọ agbègbè tí ọkùnrin náà ti wá, kí òun lè kọ̀wé sí Pompeius Planta, gómìnà Íjíbítì. Pliny dáhùn pé agbègbè Memphis ni.